Onílé Tí Kò Nílé

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, tí ẹ ń sọ pé ìyá jẹ́jẹ́ ni Ìyá Àgbà mi, pé kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mi ò mọ ìyá tí ẹ ń sọ. Èyí tó tọ́ èmi dàgbà ń bá èèyàn jà. Ó ń bá ewúrẹ́ jà. Òjò gan-an ló wá ń bá jà jù. Bí ọ̀run bá ṣú, tí àwa ọmọdé ń sáré káàkiri tí à ń kọrin, òun á fi gbágùúdá tó ń gún sílẹ̀, á nu ọwọ́ sí ìró, á lọ dúró níwájú ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ọkọ rẹ̀, á sì gbójú sókè. Ẹ̀rù ń bà á. Mo rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, n kò sì tíì rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára àgbàlagbà mìíràn títí di òní.

Ọ̀gbun ló ń bà á lẹ́rù. Ní àdúgbò wa ní Òkìtìpupa, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sí odò, àgbàrá ti gbẹ́ ọ̀gbun kan tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá títì, tó ń bọ̀ tààrà sí ilé wa. Lọ́dọọdún ló ń sún mọ́ wa. Ìyá Àgbà ri igi kan mọ́lẹ̀ láàárín ẹnu ọ̀gbun àti sàréè. Bí òjò bá ti dá, kó tó bọ́jú, kó tó gbàdúrà, á lọ wo igi náà. Bí igi bá ṣì dúró, á padà wá dáná. Bí ọ̀gbun bá ti gbé e lọ, á gé òmíràn, á rì í mọ́ ibi tó tún sún mọ́ ilé sí i, á sì wọlé wá sọ fún mi bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ. Á ní, "Ó tún jẹun o, ọma mi."

"Ọma" ló máa ń pe ọmọ, nítorí Ìkálẹ̀ pọ́nńbélé ló ń sọ. Ó ní Yorùbá ilé-ìwé ń yọ̀ lẹ́nu òun bí ilá. Bí mo bá ń sọ ọ́ sí i, á ní, "Àwọn tíṣà ghan ti gba ẹnu rẹ tà." Ọ̀pọ̀ ohun tó sọ ni mo ń tún kọ síbí lédè ìwé kí gbogbo ayé lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá ń kà á mọ̀ pé ó gbóná jù báyìí lọ nígbà tó ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Pupuru ló ń ṣe tà. Á rẹ gbágùúdá, á gún un, á ṣù ú bí orí ọmọ tuntun, á tò ó sórí àjà, á sì máa yan án títí ara rẹ̀ á fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn obìnrin máa ń ti Ìlútítun àti Igbotako wá rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo aṣọ rẹ̀, títí kan funfun tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, ló ń rùn èéfín. Kì í sì í dárí ji oníbàárà tó bá ń yínmú sí ọjà rẹ̀. Obìnrin kan wá láti ìlú ńlá lọ́jọ́ kan, ó wo pupuru náà, ó ní ó ti jóná. Ìyá Àgbà gbé ọ̀bẹ, ó ha ara rẹ̀ dànù, inú rẹ̀ funfun báláú, ó nà án sí i. Ó ní, "Ẹni tó bá ń wo èèpo pupuru, ebi ni yóò pa á kú." Kò tún tà á fún un mọ́, bí obìnrin náà ti bẹ̀ ẹ́ tó.

Owó pupuru àti owó epo pupa ni òun àti Bàbá Àgbà fi kọ́ ilé yẹn. Ilé amọ̀ tí wọ́n rẹ́ ní sìmẹ́ǹtì ni, páànù ló wà lórí rẹ̀, ilẹ̀kùn iwájú rẹ̀ sì láwọ̀ ewé. Ìyá Àgbà máa ń fi ọwọ́ pa ògiri rẹ̀ bó bá ń kọjá, bí ẹ̀yin ṣe máa ń fọwọ́ pa orí ọmọ. Ilé mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà ọ̀gbun náà, tiwa ló sì wà láàárín. Lápá ọ̀tún ni Bàbá Kọ́ọ̀tù wà, àbúrò Bàbá Àgbà, ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní kọ́ọ̀tù rí, tí òfin kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Lápá òsì ni Bàbá Éfe wà, ará Ùróbò tó wá kọ ẹyìn fún àwọn èèyàn wa nígbà èwe rẹ̀, tó tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé wa, tó sì kọ́lé síbẹ̀. Bàbá Kọ́ọ̀tù kéré sí Ìyá Àgbà lọ́jọ́ orí. Ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ, ọkọ ni, ó ń pè é ní "ìyàwó wa," òun náà ń kúnlẹ̀ kí i, ó ń pè é ní "ọkọ mi." Bó bá wá wọlé tán, á ní, "Ọkọ tí n kò fẹ́."

Nígbà tí Bàbá Àgbà wà láyé, ẹgbẹ́ kan wà ní àdúgbò yẹn tí wọ́n dá sílẹ̀ kété lẹ́yìn òmìnira. Gbogbo ẹni tó bá ti kọ́lé síbẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ Ìkálẹ̀, ìbáà ṣe Ùróbò tàbí Ìjọ̀. Iṣẹ́ wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ní Sátidé tí wọ́n bá dá, gbogbo wọn á gbé ṣọ́bìrì, wọ́n á kó ẹrẹ̀ kúrò nínú gọ́tà tí wọ́n gbẹ́ láti ẹ̀bá títì gba ẹ̀yìnkùlé Bàbá Kọ́ọ̀tù lọ sí odò. Omi mọ ọ̀nà rẹ̀ nígbà náà. Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń mu ògógóró lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n sì máa ń purọ́ gan-an.

Ohun tó pa ẹgbẹ́ náà, bí mo bá sọ ọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, kò ní gbà mí gbọ́. Wọ́n ní kí wọ́n ya pátákó. Ẹgbẹ́ Onílé ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, ẹgbẹ́ àwọn tó ní ilé. Ayàwòrán tí wọ́n gbéṣẹ́ fún kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, EGBE ONILE, kò fi àmì kankan sí i, kò fi tóótó kankan sábẹ́ lẹ́tà kankan. Lọ́jọ́ tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀, wọ́n ní kí Bàbá Kọ́ọ̀tù kà á sétí ìjọ, nítorí ó fẹ́ràn láti máa kàwé sókè. Ó wọ jígí rẹ̀, ó kà á ní "Ẹgbẹ́ Onílẹ̀." Ẹgbẹ́ àwọn tó ni ilẹ̀! Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Éfe nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ni onílẹ̀ nínú wa?"

Bóyá àṣìṣe lásán ni kíkà yẹn. Mo fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Kọ́ọ̀tù tún wo pátákó náà lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní àwa ìdílé wa ni onílẹ̀, ta ni ì bá tún jẹ́? Ó ní bó bá sì jẹ́ ẹgbẹ́ onílẹ̀ nìyí, ó yẹ kí àwọn tó tọrọ ilẹ̀ máa mú ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún. Kíá ni àwọn àlejò gbé ṣọ́bìrì wọn, wọ́n gba ilé wọn lọ. Bàbá Àgbà bẹ àbúrò rẹ̀ pé kó jẹ́ kí àwọn fi ọ̀dà tọ́ pátákó náà sọ́nà. Àbúrò ní pátákó kò ṣẹ̀, bó ṣe wà ló ṣe yẹ kó wà. Wọn kò tíì parí ìjà yẹn tí àìsàn fi mú Bàbá Àgbà lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. A sin ín síwájú ilé. Ẹgbẹ́ kò tún pé jọ mọ́. Ìhá ẹyìn àti èèpo gbágùúdá dí gọ́tà pa, Bàbá Kọ́ọ̀tù sì gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sójú rẹ̀. Omi tí kò rí ọ̀nà rẹ̀ mọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í la tirẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, tí wọ́n ní àwọn ọmọ ogun ọ̀tá ti dé Ọ̀rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan wá ń wo ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe Ìkálẹ̀ bí ọ̀tá. Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Éfe pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ wọlé yìí, kó kọ́kọ́ wá kí mi."

Ogun tán, ọ̀gbun kò tán. Ìyá Àgbà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan láti lọ sunkún síbẹ̀. Ó wọ aṣọ dáadáa, ó mú mi dání. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ ẹ̀pà ló dá a lóhùn. Ó ní, "Màmá, ìjọba kì í bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Bí àdúgbò yín bá ní ẹgbẹ́, tí ẹ bá ti fọwọ́ ara yín gbẹ́ ọ̀nà omi, ìjọba á fún yín ní páìpù kọ́ńkéré tí ẹ ó rì sí i. Ẹgbẹ́ yín dà?" Ìyá Àgbà ní ó ti kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kó lọ jí i. Bí a ti ń bọ̀ lọ́nà, tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, ó dúró, ó ní, "Òkú ti ń pọ̀ lọ́rùn mi jù."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wọ ilé kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jí ẹgbẹ́ wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Gbogbo wọn ló gbà fún un, gbogbo wọn ló sì ń bi í ní ìbéèrè kan náà: kí ni yóò jẹ́ orúkọ rẹ̀? Bàbá Kọ́ọ̀tù ní bí àwọn àlejò bá ti gbà pé onílẹ̀ ni àwa, kò sí ìjà. Bàbá Éfe, tó ń sọ Ìkálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bí sí Àyèká, ìlú ìdílé wa, ní, "Màmá, orí mi lẹ fẹ́, màá gé e fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní jókòó lábẹ́ pátákó tó ní n kò nílé." Ìyá Àgbà á padà délé, á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún sàréè pé, "Ìwọ lo mọ àbúrò rẹ, kí n ṣe é báwo?"

Ó wá pinnu pé oúnjẹ ni òun ó fi pè wọ́n. Lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi kan, ó tẹ́ ẹní síwájú ilé, ó ro pupuru, ó se ọbẹ̀ marúgbó dúdú kan tí òórùn ewé rẹ̀ dé títì, ẹja yíyan láti etí omi kún inú rẹ̀. Ó ti ké sí gbogbo àdúgbò pé kí wọ́n wá. Bàbá Kọ́ọ̀tù jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó wo ẹní náà, ó ń retí kí Bàbá Éfe kọ́kọ́ dé, kí ó má ba à dà bí ẹni pé òun ló bẹ̀ ẹ́. Bàbá Éfe jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú fìlà lórí, ó ń retí kí Bàbá Kọ́ọ̀tù kọ́kọ́ dìde. Àwọn onílé yòókù ń retí àwọn méjèèjì. Ọbẹ̀ tutù. Eṣinṣin dé. Ìyá Àgbà dúró láàárín ẹní, ó ń yíjú sọ́tùn-ún, ó ń yíjú sósì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn, ojú sì ń ti èmi débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Nígbà tó yá, ó jókòó, ó bu òkèlè. Ó ní, "Wá jẹun, ọma mi. Ọbẹ̀ kò mọ̀ pé àwọn àgbà ń jà."

A jẹ ọbẹ̀ yẹn títí ó fi sú mi. Mi ò tún lè jẹ marúgbó láì rántí rẹ̀.

Ìyá Àgbà gbé ọ̀rọ̀ ọ̀gbun náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wòlíì wa ní ẹ̀mí kan ló wà nínú ọ̀gbun náà, ó ní kó gbààwẹ̀, kó sì máa wọ́n omi àdúrà sẹ́nu rẹ̀. Ó gbààwẹ̀ títí ọrùn rẹ̀ fi yọ eegun. Òjò kò dáwọ́ dúró, igi ẹnu ọ̀gbun tún lọ, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Ó padà lọ bá wòlíì níwájú pẹpẹ, lójú gbogbo ìjọ, ó kúnlẹ̀ dáadáa bó ti yẹ. Ó ní, "Bàbá Wòlíì, èmi ń gbààwẹ̀, ọ̀gbun ń jẹun." Wọ́n ní ó ṣàfojúdi, wọn kò sì jẹ́ kó kọrin nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá fún ìgbà pípẹ́. Ó dùn ún gan-an, nítorí ó fẹ́ràn orin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ kò dára.

Òjò ńlá kan rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọdún kejì lẹ́yìn ogun. A gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí igi ńlá bá wó. Ilé ìdáná Bàbá Éfe ló wọnú ọ̀gbun lọ, pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́ tó sá sínú rẹ̀. Ọgbà Bàbá Kọ́ọ̀tù náà lọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ń léfòó. Nígbà tí òjò dá, a rí i pé ilẹ̀ ti sán gba ẹsẹ̀ sàréè Bàbá Àgbà, ojú ibi tó sán fẹ̀ tó ọwọ́ mi. Gbogbo àdúgbò jáde. Ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n, ẹ̀rù ló kó wọn jọ. Ìyá Àgbà wò yíká, ó rí i pé gbogbo onílé pé, àwọn tí òun ti ń wá láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ láàárín Bàbá Kọ́ọ̀tù àti Bàbá Éfe.

"Ọkọ mi," ló wí, "ẹ jẹ́ kí omi gba ẹ̀yìnkùlé yín bó ti ń gbà tẹ́lẹ̀."

Bàbá Kọ́ọ̀tù ní òun ti fi ìpìlẹ̀ ilé tuntun lélẹ̀ níbẹ̀, ilé àwọn ọmọ òun. Ó ní kí wọ́n là á gba ọ̀dọ̀ Bàbá Éfe, ta ló ni ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ná?

Bàbá Éfe ní, "Ilé ìdáná mi ti lọ. Ṣé yàrá tí mò ń sùn náà ni kí n kó fún yín?"

Ariwo bẹ̀rẹ̀. Onílé, onílẹ̀, àlejò, ìṣákọ́lẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ àtijọ́ tún jí sókè. Ọ̀gbun là ń wò yẹn, tó ń lá ẹnu rẹ̀ lẹ́sẹ̀ wa, àwọn àgbà sì ń jiyàn. Bàbá Kọ́ọ̀tù wá gbọ́hùn sókè, ó pa òwe tí gbogbo ayé mọ̀, ó ní kí ìyàwó wa fọkàn balẹ̀: "Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un."

Ìyá Àgbà dìde. Ẹrẹ̀ ń kán lórúnkún rẹ̀. Ó rìn lọ sí ara ilé wa, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri rẹ̀, gbàà.

"Ilé nìyí," ló wí. "Ilé! Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Èmi ni mo ni ín. Kò sẹ́ni tí yóò kà á ní nǹkan mìíràn. Ẹ wó o. Ẹ gbẹ́ gọ́tà gba ojú ẹ̀ lọ sí odò, kó tó jẹ gbogbo wa tán. Àgbàrá lóun ó wólé, èmi onílé gbà fún un."

Mo bú sẹ́kún, mo lọ dì mọ́ ìró rẹ̀, ó sì tì mí kúrò nítorí kò fẹ́ kí òun náà sunkún. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ gbà pa dà: kí gbogbo ẹni tó kọ́lé síbẹ̀ gbé ṣọ́bìrì, kí wọ́n sì jẹ́ ẹgbẹ́ láti ọjọ́ náà lọ. Bàbá Éfe ló kọ́kọ́ gbà. Bàbá Kọ́ọ̀tù rí i pé ojú gbogbo ayé wà lára òun, òun náà gbà.

Àmọ́ sàréè kù. Bàbá Kọ́ọ̀tù pe Ìyá Àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo wà níbẹ̀. Ó ní kó ronú o. Lọ́dọ̀ wa, sàréè ni ìwé ilẹ̀: ibi tí òkú rẹ bá sùn, tìrẹ ni títí ayé, bí ọ̀rọ̀ bá dé kọ́ọ̀tù, wọn á bi ẹnì kejì pé òkú tirẹ̀ dà. Ó ní bó bá hú ẹ̀gbọ́n òun kúrò níbẹ̀, ó ti sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ nù. Ìyá Àgbà nu ẹrẹ̀ kúrò lórúnkún rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi ni mo sin síbẹ̀. N kò sin lọ́yà."

Wọ́n hú u láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìdílé ní Àyèká. Ìyá Àgbà kò bá wọn lọ. Ó jókòó sórí àpótí ní ojú ibi tí sàréè wà, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ń sọ pé òun ti lé ọkọ òun jáde nílé tí àwọn jọ kọ́. Nígbà tí àwọn ọkùnrin gun òrùlé láti ṣí páànù, ó dìde, ó nu ojú, ó lọ fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé náà, ó ní òun kò fẹ́ kí àjèjì fipá ṣí ilẹ̀kùn òun.

Wọ́n gbẹ́ gọ́tà náà. Gbogbo wọn ló gbẹ́ ẹ, ọmọ Ìkálẹ̀, Ùróbò, Ìjọ̀, wọ́n sì mu ògógóró lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọba kó páìpù dé. Omi gba ojú ibi tí yàrá wa wà, ó lọ sí odò wọ́ọ́rọ́, ọ̀gbun kò sì tún jẹun mọ́. Àdúgbò yẹn wà níbẹ̀ dòní, ẹ lọ wò ó.

Ìyá Àgbà gba yàrá kan nínú ilé Bàbá Éfe. Ẹgbẹ́ Onílé ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù, Bàbá Kọ́ọ̀tù ni alága. Ní ìpàdé kejì ni Alága dìde, ó ní òfin ẹgbẹ́ ni pé onílé nìkan ló lè jókòó. Ó ní kì í ṣe pé òun ní ẹnì kan lọ́kàn. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sọ òkò lù ú. Ìyá Àgbà gbé àpótí rẹ̀, ó lọ jókòó síta lẹ́bàá fèrèsé, ibẹ̀ ló sì ń jókòó sí ní gbogbo ìpàdé láti ìgbà náà. Bí wọ́n bá rẹ ohùn sílẹ̀, á kígbe wọlé pé, "Ẹ sọ ọ́ sókè, ayálégbé ò gbọ́!"

Bó ṣe ń rẹ̀ ẹ́ lọ, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi lásọtúnsọ: kí wọ́n má gbé òun lọ sí Àyèká. Mo ní ṣebí Bàbá Àgbà wà níbẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyálé òun náà wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, òun kò sì ní agbára àtidu ibùsùn mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́. Ó wá di ọwọ́ mi mú, ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀. Ó ní, "Àdúgbò yìí ni. Mo ti san án."

Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, nígbà tí ọbẹ̀ wà lórí iná. Ìdílé péjọ sí pálọ̀ Bàbá Éfe, òkú wà ní yàrá kejì. Bàbá Kọ́ọ̀tù ní Àyèká ni, kò sí ìjiyàn. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí Ìyá Àgbà wí. Ó ní, "Ọmọ yìí, àgbàlagbà kì í sùn sí ìta gbangba. Iwájú ilé ni wọ́n ń sin ín sí. Ní àdúgbò yìí, iwájú ilé ta ni?" Mo ní, "Iwájú ilé tiyín ńkọ́? Ṣebí ìyàwó yín ni?" Ó ní òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Gbogbo àwọn ẹbí wo ilẹ̀. Mo rò pé wọn yóò gbé e lọ nìyẹn, mo rò pé gbogbo ohun tó ṣe, lásán ló já sí, ọkàn mi sì bàjẹ́ kọjá ẹnu sísọ.

Bàbá Éfe ti jókòó sí kọ̀rọ̀ láti ìgbà yìí, kò dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí. Ó gbórí sókè. Ó ní, "Ẹ sin ín síwájú ilé mi."

Bàbá Kọ́ọ̀tù yíjú sí i wéré. Mo rí ohun tó kọjá lójú rẹ̀, gbogbo wa ló sì rí i. "Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ?" ló bi í. "Òkú wa? Lórí ibi tí o kọ́lé sí? Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ rẹ yóò gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ tiwa pé òkú wa ló ni ibẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Bàbá Éfe wí. "Mo ti pẹ́ lọ́dọ̀ yín. Mo mọ ohun tí sàréè ń ṣe."

Ó dìde, ó jáde, ó pe àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ pé kí wọ́n mú ṣọ́bìrì wá. A bá a jáde. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ ẹ sí ìhà ọ̀nà, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Ó ní rárá, kí wọ́n sún un mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn òun dáadáa, kí àgbàrá má tún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.